Níbo Ló Ti Kọ́kọ́ Ṣí? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Yíyẹ Àdúgbò Wò Lẹ́yìn Ìjì

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn àgbà, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò kan ní Ìlọrin, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú bọ̀. A tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà.)

Àsàláámù aléékúmù. Ẹ̀yin Mágàjí, ẹ̀yin alfa wa, ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ fi ọjà sílẹ̀ wá síbí, ẹ̀yin káfíńtà àti bíríkìlà tí mo rí lẹ́yìn lọ́hùn-ún, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ yìí máa já lé léjìká, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ojú lọ́nà òjò.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí a ṣe ń ka ohun tí ìjì bá bàjẹ́. Mo gbà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n yí ìbéèrè yẹn padà díẹ̀ kí n tó dáhùn rẹ̀. Bí ìjì bá jà ní Ìlọrin níbí, ohun tá a mọ̀ ọ́n ṣe ni ká rìn kiri, ká ka òrùlé tó ṣí, ká kọ orúkọ onílé, ká ya fọ́tò, ká kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ọ́fíìsì tó ń mójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀. Bó bá bọ́ sí i, ìrẹsì á dé, mátírẹ́ẹ̀sì á dé, wọ́n lè pín páànù díẹ̀. Káfíńtà á padà wá, á kan òrùlé náà bó ṣe kàn án tẹ́lẹ̀. Tó bá di àmọ́dún, tí òjò àkọ́rọ̀ tún kù, òrùlé yẹn kan náà ni a ó tún máa wá kiri nínú ọgbà aládùúgbò. Ìwé tá a kọ lọ́dún àkọ́kọ́ kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí iye òrùlé tó ṣí nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí òrùlé kọ̀ọ̀kan ti kọ́kọ́ ṣí, àti ohun tó jẹ́ kó ti ibẹ̀ ṣí, ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́. Ìyẹn gan-an ni mo bá wá síbí. Gbogbo ìyókù, àlàyé ni.

Ẹ jẹ́ ká mọ irú ìjì tó ń bá wa fínra ná. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní hurricane, tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń gbá odindi ìlú lọ ní Amẹ́ríkà, kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú òkun ló ti ń rí agbára. Omi òkun náà ní láti gbóná tó ìwọ̀n 26 tàbí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó lè gbérí, tó bá sì ti gun orí ilẹ̀, agbára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ìlọrin jìnnà sí òkun. Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń yà mí lẹ́nu: púpọ̀ nínú àwọn ìjì ńlá tó ń ba Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù Kàríbíà jẹ́, òkè orí ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti gbéra. Ní àkókò òjò, afẹ́fẹ́ tó wà lókè lọ́hùn-ún máa ń rú bí ìgbì láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Á gba òkè Nàìjíríà, Nìjẹ̀r àti Málì kọjá, á bọ́ sójú òkun lápá Sẹ̀nẹ̀gà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á parẹ́ síbẹ̀. Àwọn díẹ̀ á bá omi gbígbóná pàdé, wọ́n á di nǹkan mìíràn. Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ìjì jà ní Florida ní oṣù kẹsàn-án, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti kí wa kọjá lókè láìjẹ́ pé a mọ̀.

Tiwa yàtọ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n: oṣù kẹta, oṣù kẹrin, ọyẹ́ ti lọ, ilẹ̀ gbóná débi pé ènìyàn ò lè sùn nínú yàrá. Ọ̀rinrin ń ti ìhà òkun wọlé bọ̀. Nígbà tó bá di ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́, ìkùukùu á dìde ní ìlà-oòrùn, á dúdú, á ga. Òjò inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ tútù wálẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tó gbóná lọ, nítorí náà á já wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, tó bá sì kan ilẹ̀, á tàn ká. Eruku tẹ́ ẹ máa ń rí kí òjò tó dé, tí àwọn ìyá wa á máa sáré ká aṣọ, iwájú afẹ́fẹ́ yẹn ni. Gbogbo rẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn náà ló ń ṣí ilé.

Ẹni tó jẹ́ ká mọ̀ pé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ohun tó wó lulẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Tetsuya Fujita ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Jàpáànù ni. Lẹ́yìn tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí Nagasaki ní 1945, ó wà lára àwọn tó lọ yẹ ibẹ̀ wò, ó sì rí bí àwọn igi ṣe wó: gbogbo wọn kọjú síta láti ojú kan ṣoṣo. Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn nípa ìjì ní yunifásítì Chicago. Lẹ́yìn ìjì rẹpẹtẹ tó jà níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1974, ó wọ ọkọ̀ òfurufú láti wo igbó látòkè, ó sì rí igi tó wó gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i nígbà yẹn, síta láti àárín. Ìjì tó ń yí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń da igi pọ̀ mọ́ra, ti ìhà kan á wó síhìn-ín, ti ìhà kejì á wó sọ́hùn-ún. Fujita ní afẹ́fẹ́ kan ló já wálẹ̀ látinú ìkùukùu. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a jiyàn gan-an. Ní oṣù kẹfà ọdún 1975, ọkọ̀ òfurufú kan já nígbà tó fẹ́ balẹ̀ ní pápákọ̀ Kennedy ní New York. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un, ó sì fi hàn pé irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ló tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Lónìí, kò sí awakọ̀ òfurufú tí wọn ò kọ́ nípa rẹ̀.

Ní 1971, ọkùnrin yìí kan náà ló ṣe òṣùwọ̀n ìjì tó ń yí, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Wọ́n tún un ṣe, èyí tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 2007. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló wù mí kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ kì í sábà sí lójú ibi tí ìjì ti jà gan-an, nítorí náà ohun tó bàjẹ́ ni wọ́n ń wò. Oríṣi nǹkan 28 ló wà nínú ìwé wọn, ilé, òpó àti igi. Ilé gbígbé, ilé ẹ̀kọ́, ilé epo, igi eléwé gbẹẹrẹ, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Olúkúlùkù ní bí ó ṣe ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Àwa náà ní ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó fẹ́ ní pápákọ̀ kọ́ ló fẹ́ ní Ọlọ́jẹ̀ tàbí ní Tánkẹ. Ilé yín ni ẹ̀rọ ìwọ̀n yín.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé tẹ́ ẹ bá ń rìn kiri lẹ́yìn ìjì, ẹ kọ ọ̀nà tí igi wó kọjú sí, àti ibi tí páànù fò lọ. Ìjì tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ ló pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa. Tí ẹ bá rí i pé ojú ìlà-oòrùn ni àwọn òrùlé àdúgbò yín ti ń ṣí lọ́dọọdún, ẹ ti mọ ibi tí ìṣó gbọ́dọ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní wọ́n rán ìjì náà ni. Ohun tí ẹnì kan gbà gbọ́, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n rán ìjì sí, tí ìṣó rẹ̀ gùn, òrùlé rẹ̀ ò ní tètè ṣí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ kún un. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré ní kìlómítà 108 láàárín wákàtí kan kì í ṣe ohun àjèjì nínú ìjì líle. Tí ó bá kọ lu nǹkan, ó máa ń tì í pẹ̀lú ìwọ̀n bíi kílógírámù 56 lórí mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50. Ẹ wá wo páànù tó wà lórí ilé yín: ó fúyẹ́ débi pé ọmọ kékeré lè gbé e. Ohun kan ṣoṣo tó dì í mọ́lẹ̀ ni ìṣó. Ó tún wá burú sí i nítorí pé tí ìyára afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ kì í sì tẹ òrùlé mọ́lẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ó máa ń fà á sókè ni, pàápàá ní etí òrùlé àti ní igun, níbi tó ti ń yí gba orí ilé kọjá. Tí fèrèsé tàbí ìlẹ̀kùn ojú afẹ́fẹ́ bá wá ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọnú ilé, á máa tì í láti ìsàlẹ̀. Òkè ń fà á, ìsàlẹ̀ ń tì í. Káfíńtà wo ló fẹ́ fi ìṣó kúkúrú dá ìyẹn dúró?

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1992, ìjì Andrew jà ní gúúsù Florida. Orílẹ̀-èdè tó lówó ni, ilé wọn rẹwà, òfin ilé kíkọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sì wà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wọ àdúgbò lẹ́yìn ìjì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ilé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àṣírí tú. Wọ́n bá òrùlé tí wọ́n fi píìnì kéékèèké kàn dípò ìṣó, tí òmíràn nínú píìnì náà ò tilẹ̀ kan igi tó yẹ kó mú. Wọ́n bá ògiri onígun mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé tí kò sí nǹkan kan tó dì í mú. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìẹ. Ilé tí wọ́n kọ́ dáadáa ní òpópónà kan náà ṣì dúró. Ohun tí wọ́n rí nínú yíyẹ̀wò yẹn wà lára ohun tó bí òfin ilé kíkọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Florida ní 2002. Ẹ ṣàkíyèsí pé iye ilé tó wó kọ́ ló bí òfin. Ìṣó ló bí i. Àwa náà ní ìwé òfin ilé kíkọ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè láti 2006. Ẹ bi káfíńtà yín bóyá ó ti rí i rí.

Wàyí o, iṣẹ́ gan-an. Ẹ dé iwájú ilé kan tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí. Kí ni ẹ máa wò?

Ẹ kọ́kọ́ wá páànù tó fò lọ, kí ẹ wo ojú ihò ìṣó rẹ̀. Tí ìṣó bá ṣì wà nínú igi lórí ilé, tí ihò ara páànù sì ya, páànù náà ló fẹ́lẹ́ jù, tàbí pé wọn ò fi rọ́bà àti ìdérí sí orí ìṣó. Tí ìṣó bá bá páànù lọ, tí ó gùn ún títí tó fi balẹ̀ sílé ẹlòmíràn, ìṣó kúrú ni tàbí kí igi ti jẹrà. Ẹ fi ọwọ́ kan igi náà. Bí ikán bá ti jẹ ẹ́, ẹ máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí páànù àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá jọ lọ pọ̀, àárín igi sí igi ni àìsàn wà, ìṣó kan péré ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Àmọ́ èyí tó máa ń dùn mí jù ni èyí tí odindi òrùlé bá gbéra, igi, páànù, sílìǹgì, gbogbo rẹ̀ lódindi, tó lọ jókòó sórí ilé kejì. Káfíńtà yẹn mọṣẹ́ o. Gbogbo igi rẹ̀ di ara wọn mú. Ohun tí kò sí ni ohun tó so òrùlé mọ́ ògiri. Wọ́n kàn gbé igi lé orí búlọ́ọ̀kù ni, wọ́n sì gbà pé ìwúwo rẹ̀ á mú un dúró. Bíríkìlà ní iṣẹ́ òun ti parí ní líńtẹ́ẹ̀lì, káfíńtà ní orí igi ni iṣẹ́ òun ti bẹ̀rẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni ìjì gbà. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n bá rì sínú kọnkéré orí ògiri, tí wọ́n sì lọ́ mọ́ igi, tí wọ́n kàn án mọ́ ọn dáadáa, ló máa ń dí àlàfo yẹn. Owó rẹ̀ ò tó owó páànù méjì.

Ẹ tún wo etí òrùlé. Ilé wa fẹ́ràn kí òrùlé nà kọjá ògiri dáadáa, kí fàráńdà lè rí ibòòji, kí òjò má bàa na ara ògiri. Ó dára fún oòrùn, ó dára fún ilé alámọ̀, èyí tí wọ́n fi ẹrẹ̀ mọ. Fún afẹ́fẹ́, ó ti rí ibi tó máa di mú. Tẹ́ ẹ bá bi àwọn aráalé pé níbo ló ti kọ́kọ́ ṣí, àti pé ìró wo ni wọ́n gbọ́, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ á ní ìwájú fàráńdà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu, páa, páa, páa, kó tó di pé gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọdé máa ń rántí èyí ju àgbà lọ. Ẹ bi wọ́n. Ọ̀ṣọ́ tuntun tó wà níta báyìí, tí wọ́n ń kọ́ ògiri yí òrùlé ká kí páànù má hàn, wọ́n rò pé ó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ìjì. Mo ti rí èyí tí ògiri yẹn gan-an wó lé orí mọ́tò. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí i.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ jọ̀ọ́, wáyà. Bí òpó iná bá wó, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan páànù tó há sórí wáyà. Pé iná ò sí ní àdúgbò kò túmọ̀ sí pé wáyà ti kú. Wọ́n lè dá iná padà nígbàkigbà, jẹnẹrétọ̀ ilé kan sì lè máa tì í padà. Àwọn òṣìṣẹ́ iná ni kẹ́ ẹ pè. Ògiri tó dá dúró láìsí òrùlé lórí rẹ̀ mọ́, ẹ má dúró sábẹ́ rẹ̀ ya fọ́tò, òun náà ń retí òjò tó kàn. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, ìṣó wà nílẹ̀ káàkiri.

Àkókò tó dára jù láti wò ó kì í pẹ́. Ìjì jà nírọ̀lẹ́, tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn ti ń ṣa páànù wọn, wọ́n ti ń tún igi kàn, nítorí òjò mìíràn lè rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọn ò jẹ̀bi. Ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dúró de ìjọba kó tó bo orí àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ kàn tètè dé ibẹ̀ ni, kí ẹ ya ilé náà láti ọ̀ọ́kán, kí ẹ yà á láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá sún mọ́ ibi tó ti ya, kí ẹ fi ọwọ́ tàbí bírò sí ẹ̀gbẹ́ ìṣó kí ẹni tó ń wò ó lè mọ bó ṣe gùn tó. Ẹ tan ibi tí fóònù ti máa ń kọ ojú ibi tí a ti ya fọ́tò. Ìlọrin ò ka nọ́ńbà ilé sí, orúkọ agbo ilé la mọ̀. Ẹ kọ orúkọ agbo ilé náà, kí ẹ sì kọ ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀ ọ́.

Nínú ilé, onílé ni gbogbo ìwé máa ń bèèrè. Àwọn ayálégbé ńkọ́? Yàrá mẹ́jọ, ìdílé mẹ́jọ, orúkọ kan péré ló máa jáde nínú ìwé, onítọ̀hún sì lè máa gbé Abuja. Ẹ kọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ẹni tó ń ta ata nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú, ẹ kọ télọ̀ tí òjò na ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, àti wẹ́dà tí àtíbàbà rẹ̀ lọ. Ẹ bèèrè ibi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa sùn lálẹ́ òní. Ìbéèrè yẹn ló ń mú arúgbó àti aláboyún jáde láìjẹ́ pé ẹ wá wọn kiri. Níbí tí a wà, ọ̀pọ̀ ilé ló ní ẹlẹ́hàá. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ló kan ilẹ̀kùn, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa dúró sí, ohun tí wọ́n bá sọ fún wọn ni wọ́n máa kọ, wọn ò ní rí yàrá tí sílìǹgì ti wó. Ẹ fi obìnrin méjì sínú gbogbo ọ̀wọ́. Àwọn ló máa wọlé.

Ilé alámọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lápá Òkè-Àlùkò, Pàkátà, lọ títí dé ìgboro àtijọ́, àti ní gbogbo ìlú tó wà ní gúúsù Kwara, láti Ọ̀fà títí dé Ọ̀mù-Àrán, ilé ẹrẹ̀ ṣì pọ̀, kódà àwọn tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú. Nígbà tí òrùlé irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ṣí, ẹ ó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ògiri dúró digbí, ẹ ó kọ "òrùlé nìkan". Lẹ́yìn òjò méjì, ògiri á rọ̀. Lẹ́yìn òjò mẹ́ta, ó wó. Nínú ìwé ìjọba, òrùlé nìkan ṣì ni. Nítorí náà, gbogbo ilé alámọ̀ tó pàdánù òrùlé, ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ẹ fi déètì tuntun kọ ọ́. Bí tàpólì bá sì wà ní kékeré, tí kò kárí, ilé alámọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún. Ilé búlọ́ọ̀kù lè fara da òjò díẹ̀.

Ẹnì kan bi mí ṣáájú ìpàdé pé ṣé ká máa sàmì sí ara ilé tí a bá ti yẹ̀ wò. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní New Orleans lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005, nígbà tí omi bo nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà. Àwọn tó ń wá ènìyàn kiri á fi ọ̀dà fa X sára ilé. Apá òsì ni wọ́n ń kọ orúkọ ọ̀wọ́ wọn sí, òkè ni ọjọ́, ọ̀tún ni ewu tó wà nínú ilé, ìsàlẹ̀ ni iye ẹni tí wọ́n bá, alààyè àti òkú. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn wọn á kàn ka ògiri ni, kò ní tún wọ ilé náà. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, ẹni tó bá jí tó rí X pupa lára ògiri rẹ̀, kàtàkàtà tó máa wó ilé ló máa rò pé ó ń bọ̀, lọ́yà ló sì máa sá lọ bá. Ẹ lo ṣọ́ọ̀kì funfun, kí ẹ kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti tó.

Àwọn kan á bù mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, ẹ má sì bá wọn jà lójú ọ̀nà. Ẹni tí ìjọba ò tíì fún ní nǹkan kan rí, tó rí bírò àti ìwé, á sọ pé páànù ogún ló lọ dípò mẹ́jọ. Ẹ ka igi tó wà lókè, ẹ fi ìwọ̀n sí i, ẹ kọ ohun tí ojú yín rí sí ibì kan, kí ẹ kọ ohun tí ó sọ sí ibòmíràn. Ìwé tí ọ́fíìsì bá mú irọ́ kan nínú rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa jìyà rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ àti mọ́ṣáláṣí, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Yàrá wọn gbòòrò, ògiri àárín ò sí, fèrèsé sábà máa ń wà láìní ìlẹ̀kùn, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó wọlé ò rí ọ̀nà àtijáde àyàfi òkè. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò ṣáájú. Ọ̀rọ̀ odò Asà tó ń kún wọlé, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni, ẹ ṣètò ọjọ́ mìíràn fún un.

Nígbà tí mo ṣí àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè, àgbà káfíńtà kan ló kọ́kọ́ dìde, inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní: "Ọ̀gá, ẹ ti di gbogbo ẹ̀bi ru káfíńtà. Onílé ló ń sọ fún wa pé ká dín igi kù. A ní ká gbé e sí ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì, ó ní ká gbé e sí mẹ́rin. A ní ká ra ìṣó gígùn, ó ní àbúrò òun á bá òun rà á wá, èyí tó gbé wá ò gùn ju ìka lọ."

Òótọ́ ló sọ, mo sì sọ fún un pé òótọ́ ni. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí káfíńtà kan wà nínú gbogbo ọ̀wọ́ tó bá ń yẹ ilé wò. Tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìṣó kúrú, kó kọ ẹni tó rà á. Àti pé kí ẹgbẹ́ káfíńtà fẹnu kò lórí ìwọ̀n ìṣó kan, tí ọmọ ẹgbẹ́ wọn ò gbọ́dọ̀ lo èyí tó kúrú jù ú lọ, onílé tó bá kọ̀, kó lọ wá ẹlòmíràn, tí ẹlòmíràn náà bá ti wà nínú ẹgbẹ́, ó tán.

Àlájà kan tó ń ta aṣọ béèrè pé tí a bá ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, ta ni yóò fi pamọ́. Mo ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀kan fún Mágàjí, ọ̀kan fún alága ẹgbẹ́ káfíńtà. Ó ní ẹ̀dà Mágàjí á sọnù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Mágàjí náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹnu kò pé kí àwọn obìnrin mú ẹ̀dà kẹrin, Àlájà náà ni wọ́n sì fi iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ní ṣé dandan ni ká dúró kí ìjì jà ná. Rárá o. Ohun tí ẹ máa wò lẹ́yìn ìjì kan náà ni ẹ lè gun òkè lọ wò báyìí: ìṣó, igi, etí òrùlé, ohun tó so igi mọ́ ògiri. Wọ́n ní àwọn á bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsúbà kí oòrùn tó mú. Káfíńtà tó bínú sí mi ló ní òun á mú àkàbà wá.